Ọmọ tí ó Gbé Gòjé Òyìnbó Dání: Ìtàn Ayé Samuel Coleridge-Taylor

Nígbà tí olóòtú ìwé wa yìí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tí ó ti kú tipẹ́, mo mọ̀ pé Àjàyí Crowther tàbí Hubert Ògúndé tàbí D. O. Fágúnwà ni ọkàn rẹ̀ ń bá lọ. Kí ó má ṣe bínú sí mi. Àwọn baba wọ̀nyí ti ní òpìtàn púpọ̀, a óò sì tún máa sọ tiwọn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe Yorùbá, kò sì dé Èkó rí. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó kú sí. Síbẹ̀, bí mo bá ti ń ka ìtàn rẹ̀, ojú ọ̀nà tí ó ti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Àpápá ni mo máa ń rí.

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Boundary. Ilé oníyàrá méjìlá ni, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ilé ìdáná kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ alágbàrù ní èbúté Àpápá. Bí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀, a kì í rí i sójú. Bí ọkọ̀ kò bá sì dé, ó wà nílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ béèrè owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú yàrá tí ó kángun sí ilé ìdáná ni bàbá àgbàlagbà kan ń gbé, akọ̀wé tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ èbúté. Fíólìnì méjì ni ó ní, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Àwa ọmọ ilé kò mọ ohun tí ń jẹ́ fíólìnì. Gòjé ni a mọ̀, nítorí pé bàbá onílé wa kì í fi orin sákárà Yusuf Ọlátúnjí ṣeré ní ọjọ́ Àìkú. Báyìí ni a ṣe sọ akọ̀wé náà di Bàbá Onígòjé.

Àwòrán ọkùnrin adúláwọ̀ kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, tí wọ́n gé láti inú ìwé kan tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Irun ọkùnrin náà pọ̀ lórí dùdù, kóòtù ni ó wọ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí kò fẹ́ kí a ya òun ní fọ́tò. Mo rò pé àbúrò Bàbá ni, títí di ọjọ́ tí ó sọ fún mi pé ọkùnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí òun, àti pé Samuel Coleridge-Taylor ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ó gbé fíólìnì kékeré lé mi léjìká.

Bí a bá dárúkọ ọmọdé tí ó mọ orin ju àgbà lọ, ti Mozart ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ sọ, kò sì burú. Ọdún 1764 ni wọ́n tẹ ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Paris, sònátà fún dùùrù olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ ayé ìgbà náà pẹ̀lú fíólìnì, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, sònátà ni orin aláìlọ́rọ̀ tí a pín sí abala mélòó kan, tí fíólìnì àti píánò jọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí èkíní ń gbé e, tí èkejì ń dá a lóhùn, nígbà mìíràn wọ́n a sì jọ máa pariwo lé ara wọn lórí bí orogún. Iṣẹ́ ìyanu ni kí ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Leopold, bàbá Mozart, ti kọ odidi ìwé lórí bí a ṣe ń ta fíólìnì ní ọdún 1756 gan-an tí wọ́n bí ọmọ náà. Òun ni olùkọ́ ọmọ, òun ni ó ń mú un kiri ààfin àwọn ọba. Ilé orin ni wọ́n bí Mozart sí. Ti Coleridge-Taylor kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1875 ni wọ́n bí i ní Holborn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà Daniel Peter Hughes Taylor ni bàbá rẹ̀, ọmọ Sàró tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní King's College. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, Alice Hare Martin, wọn kò sì ṣe ìgbéyàwó. Dókítà padà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ó ṣiṣẹ́ títí dé ilẹ̀ Gambia, ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1904. Kò tọ́ ọmọ yìí dàgbà.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ Sàró, etí wa a ta, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ni ó fi Freetown ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe ìwádìí ìran rẹ̀ ti sọ, ara àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba Nova Scotia kọjá, tí wọ́n sì dé Freetown ní ọdún 1792, ni ìdílé Taylor. Okùn tí ó so ó mọ́ Yorùbá wà níbòmíràn. A ó dé ibẹ̀.

Orúkọ akéwì Òyìnbó kan, Samuel Taylor Coleridge, ni ìyá rẹ̀ wò tí ó fi sọ ọ́ ní Samuel Coleridge Taylor. Nígbà tí ó yá ni wọ́n fi àmì so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ní Croydon, ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù, ni ìyá àti ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà, Benjamin Holmans. Alágbẹ̀dẹ ni Holmans, bàtà irin ni ó ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n ó ní fíólìnì, ó sì mọ díẹ̀ ta níbẹ̀. Òun ni ó ra fíólìnì kékeré fún ọmọ náà tí ó sì kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú hàn án. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé èbúté ní Ajégúnlẹ̀, alágbẹ̀dẹ ẹṣin ní Croydon.

Ìtàn tí Bàbá Onígòjé fẹ́ràn jù lọ nínú ayé ọkùnrin yìí nìyí. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Joseph Beckwith, olùkọ́ fíólìnì tí ó tún ń darí ẹgbẹ́ eléré ní Croydon, yọjú lójú fèrèsé. Ó rí ọmọ dúdú kan ní ojú títì tí ń ta máábù, ìyẹn òkúta gíláàsì róbótó tí gbogbo wa ta ní kékeré. Ọwọ́ kan ni ó fi ń ta á, nítorí pé fíólìnì wà lọ́wọ́ kejì. Beckwith pè é wọlé, ó gbé ìwé orin síwájú rẹ̀. Ọmọ náà wo ìwé, ó ta á bí ó ti tọ́, kò ṣì í. Láti ọjọ́ náà ni Beckwith ti sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀.

Mo ti ronú gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà kò yí padà láàárín ìgbà tí ó wà níta àti ìgbà tí ó wọlé. Ẹnìkan yọjú ni, ó sì pè é.

Ẹlòmíràn tún pè é. Ọ̀gá ológun kan, Herbert Walters, tí ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní Croydon, mú un wọ ẹgbẹ́ náà, ó fi ojú bàbá wò ó, òun ni ó sì ṣe ọ̀nà tí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin Royal College of Music ní ọdún 1890. Ọmọ ọdún 15 ni. Fíólìnì ni ó lọ kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo Òyìnbó ni ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ti Beckwith àti Walters o. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, èédú ni àwọn ọmọ ń fi orúkọ rẹ̀ pè, wọ́n sì ní ẹnìkan tilẹ̀ ṣáná sí i lórí láti wò ó bóyá irun rẹ̀ yóò jó. Ní Royal College náà, ìtàn kan wà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àwọ̀ rẹ̀ bú u, tí olùkọ́ wọn, Charles Villiers Stanford, sì gbọ́. Stanford pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó fi yé e pé orin tí ó wà nínú ọmọńdinrín rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú gbogbo ara ẹni tí ó bú u lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 11, fíólìnì kékeré náà kò gbà mí mọ́, igbọ̀nwọ́ mi ń ká kò bí ti ẹni tí ó wọ aṣọ àbúrò. Bàbá Onígòjé wá mú mi lọ sí ibì kan ní Àpápá tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ àwọn olówó ní orin, tí wọ́n sì ní fíólìnì tí wọ́n ń yá ọmọ lò. Ẹsẹ̀ ni a fi rin Malu Road. Mo ta orin ìyìn mẹ́ta fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì béèrè àdúgbò tí mo ti wá, mo sọ ọ́, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wá sọ iye owó tí bàbá mi yóò máa san ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bàbá Onígòjé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ̀ náà ni a fi rìn padà, àwọn tírélà tò lọ bí ogún ní apá ọ̀tún wa, kò sì bá mi sọ nǹkan kan títí a fi dé Boundary. Ibẹ̀ ni ó ti ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi. Ọdún kejì ni ó kú.

Ó tó. Ní ọdún 1892, Coleridge-Taylor fi fíólìnì sí ipò kejì, ó gbájú mọ́ kíkọ orin sílẹ̀ lábẹ́ Stanford. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Gustav Holst àti Ralph Vaughan Williams, tí ayé ṣì ń gbọ́ orúkọ wọn. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tí ó kọ sònátà fún fíólìnì àti píánò, nọ́ńbà 28 nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀, ní ohùn D máínà. Abala mẹ́ta ni. Orí fóònù ni èmi ti gbọ́ ọ, nínú yàrá wa ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí iná lọ. Abala àkọ́kọ́ ń yára ṣùgbọ́n kò sáré. Èkejì ń lọ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ń rọ ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ó bú jáde bí iná ọyẹ́. A mọ̀ pé ó fẹ́ràn Dvořák gidigidi, mo sì rò pé mo gbọ́ ọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ jù ni ẹni tí ó mọ fíólìnì láti inú wá. Kò kọ ọ́ bí ẹni tí ó jókòó sídìí píánò tí ń ro ohun tí fíólìnì lè ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é rí.

Ó kọ orin yìí tán, ó gbé e pamọ́. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ayé rẹ̀. Ọdún 1917 ni ó tó di ìwé, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí ó ti wà nínú sàréè.

Ọdún 1898 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Edward Elgar, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbajúmọ̀, ni wọ́n ní kí ó kọ orin fún àjọ̀dún orin ńlá kan ní Gloucester. Àyè kò gbà á, ó ní kí wọ́n pe Coleridge-Taylor dípò òun. Inú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣe orin náà, àwọn ènìyàn hó yè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Royal College ṣe Hiawatha's Wedding Feast, orin ẹgbẹ́ akọrin tí ó fi ewì Longfellow kọ, ìtàn akọni kan láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kíákíá ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú kan nílẹ̀ Òyìnbó tí ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ kò máa kọ ọ́.

Ibi tí ó ń dùn mí nìyí. Ó ti ta orin náà pátápátá fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Novello ní gínì 15, ìyẹn pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15, owó ìdákówó. Ìwé orin náà tà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà. Kọ́bọ̀ kan kò ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 23 ni, owó ilé àti oúnjẹ ni ó ń wá, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ pé yóò tà tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Onígòjé tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ẹrù nínú ọkọ̀ máa ń ṣe ìṣirò yìí fún wa lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹfun, orí wa a sì máa fọ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1899 ni ó gbé Jessie Walmisley níyàwó, tí wọ́n jọ wà ní Royal College. Àwọn ẹbí ìyàwó kọ́kọ́ yarí, nítorí àwọ̀ ọkọ ni. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: ọkùnrin, tí wọ́n sọ ní Hiawatha, àti obìnrin, Avril, tí òun náà di olórin tí ó sì ń darí ẹgbẹ́ eléré.

Láti ìgbà tí ó ti bá akéwì adúláwọ̀ Amẹ́ríkà nì, Paul Laurence Dunbar, pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 1900 ó wà nínú àpéjọ àwọn ọmọ adúláwọ̀ àgbáyé tí Henry Sylvester Williams pè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1904 ó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn adúláwọ̀ Washington ti dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1901. Ó darí wọn. Ààrẹ Theodore Roosevelt sì gbà á lálejò. Ó tún padà lọ ní ọdún 1906 àti 1910.

Ní ọdún 1905 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ Twenty-Four Negro Melodies jáde ní Boston, orin píánò 24 tí ó hun lórí orin àwọn adúláwọ̀. Ẹ wá wo okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Oloba, orin Yorùbá sì ni. Ìyáàfin Victoria Randle ni ó fún un. Ọmọ Sarah Forbes Bonetta ni Victoria yìí, ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò tí ogun Dahomey kó ní Òkè-Ọ̀dàn ní ọdún 1848, tí ó padà di ọmọ àbójútó Ọbabìnrin Victoria; bàbá rẹ̀ ni J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó. Ọkọ rẹ̀ ni Dókítà John Randle tí ilé àṣà Yorùbá tuntun tí ó wà ní Oníkàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Orin tí àwọn ará ilé wa ń kọ ni obìnrin yìí gbé lé ọmọ Croydon lọ́wọ́, òun sì gbé e sórí píánò kí gbogbo ayé lè ta á. Mo bẹ àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ orin, ẹ bá wa ta á ní ọjọ́ àṣà wa tí ń bọ̀.

Nítorí pé Hiawatha kò mú owó wálé, iṣẹ́ kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ bí i mẹ́ta, ó ń darí ẹgbẹ́, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ṣe adájọ́ ìdíje orin káàkiri, òru ni ó fi ń kọ orin. Orin fíólìnì ńlá tí ó kọ fún obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Maud Powell, tilẹ̀ sọnù lójú òkun, àfi ìgbà tí wọ́n tún ẹ̀dà mìíràn kọ ránṣẹ́; oṣù kẹfà ọdún 1912 ni ó tó ta á. (Àwọn kan ń sọ pé inú ọkọ̀ Titanic ni ó bá lọ. Àsọdùn ni.) Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún náà, ó ṣubú ní ibùdókọ̀ ojú irin West Croydon. Ó gbìyànjú, ó dé ilé. Òtútù àyà ni, àárẹ̀ sì ti jẹ gbogbo agbára rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 37 péré.

Ọba George Karùn-ún fi pọ́n-ùn 100 lọ́dún ṣe ìfẹ̀yìntì fún opó rẹ̀. Ariwo tí àwọn olórin pa lórí gínì 15 yẹn wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń gba ẹ̀tọ́ olórin, Performing Right Society, sílẹ̀ ní ọdún 1914. Láti ọdún 1924 títí di 1939, wọ́n ń fi Hiawatha ṣe eré ńlá ní Royal Albert Hall, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọrin nínú aṣọ eré, èrò a sì kún dẹ́nu.

Ìyàwó Bàbá Onígòjé ni ó fún mi ní fíólìnì méjèèjì nígbà tí mo wọ yunifásítì, pẹ̀lú àwòrán ara ògiri náà. Okùn kan ṣoṣo ni ó kù lára ti kékeré. Nínú ìsinmi tí ó kọjá mo ra okùn sí i, mo sì ní kí àwọn ọmọ ilé wa máa wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Márùn-ún ni wọ́n, fíólìnì kò ju méjì lọ. Àwọn tí kò tíì kàn ń dúró níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n ń ta máábù.